Ìrù Ọmọńlé àti Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọ Ènìyàn

Bí ìrù ọmọńlé bá já, òmíràn a hù dípò rẹ̀. Ẹlẹ́dàá kò fi irú agbára bẹ́ẹ̀ du ọmọ ènìyàn pátápátá: ojú ọgbẹ́ a máa jinná, awọ ara a máa sọ ara rẹ̀ di ọ̀tun, bí a bá sì gé ìdajì ẹ̀dọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, ìyókù a tún tóbi padà láàrin oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára yìí ní ààlà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè àti egungun àgbọ̀n tí ó bá ti jẹrà dànù kì í hù mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí àrùn noma ń kọ́ni nìyí ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ní etí Odò Ọya. Àwọn ọmọ ọdún 2 sí 6 ni ó ń bá jà jùlọ, pàápàá àwọn tí oúnjẹ kò tó, tàbí tí èèyi tàbí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Erìgì tí eyín dúró lé yóò kọ́kọ́ wú, yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò dúdú, yóò sì jẹrà. Nínú ọmọ 10 tí kò rí ìtọ́jú, 9 lè kú. Fún àwọn tí ó bá yè, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Niamey àti ní Sokoto a máa mú awọ àti ẹran láti ibòmíràn lára wọn fi dí ihò ojú. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ ni, kì í ṣe aṣọ tuntun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé àrùn aláwọ̀ dúdú ni èyí. Àwọn ọmọ Yúróòpù mọ̀ ọ́n rí. Ó sì tún yọjú ní àgọ́ Auschwitz àti Belsen nígbà ogun Hitler. Oúnjẹ tí ó péye ni ó lé e kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí a tó rí oògùn apakòkòrò rárá. Ebi ni ìyá rẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ ara.

Ní oṣù December 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi noma kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì. Nàìjíríà ni ó ṣáájú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bẹ ẹ̀bẹ̀ náà, a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ìwé kì í yó ọmọ. Ó di dandan kí àwọn ìjọba wa pèsè oúnjẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi, àti oògùn ní ilé ìwòsàn abúlé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kí wọ́n máa wo ẹnu àbúrò wọn nílé, kí wọ́n sì tètè sọ fún ìyá wọn bí erìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Ní àkókò yẹn, omi iyọ̀, oògùn apakòkòrò tí kò wọ́n àti oúnjẹ gidi tó láti gba ọmọ náà là. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.