Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Fún Wa Ní Yàrá, Ẹ Yé Fòfin De Bàlúù Wa

Ìwé kan ti wà lára ògiri họ́sítẹ́ẹ̀lì wa láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí. Kò ju ìlà méjì lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe bàlúù oníbátìrì nínú ọgbà mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé e fò. Ìwé náà kò sọ ohun tó ń fa ewu, kò sì sọ bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Wọ́n fòfin dè é, ó parí. Àwa ò gbà pé ó parí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ohun tó jẹ́ òótọ́: ewu wà níbẹ̀. Bátìrì LiPo tí à ń lò kì í ṣe ẹgbẹ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Tó bá kún, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá fólítì 4.2, tí a bá ń lò ó, kò yẹ kó lọ sílẹ̀ ju 3 lọ. Bí iná bá pọ̀ jù lára rẹ̀, tàbí tó jábọ́ tí inú rẹ̀ bàjẹ́, ó lè wú, kó sì gbiná. Èéfín rẹ̀ ní májèlé. Ẹ wá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú yàrá tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn sí, tí bẹ́ẹ̀dì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo wà. Ẹni tó bá ní kò séwu ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ṣùgbọ́n kí ló gbé bátìrì dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Àìsí iná ni, àti àìsí ibòmíràn. Gbogbo wa la mọ ìwà iná NEPA. Ó lè dé ní aago méjì òru, kó lọ ní aago mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gbé bàlúù fò lọ́la á ki ṣájà bọ ara ògiri kó tó sùn, pé ìgbà tí iná bá dé, kó dé. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú ló sì ń lò, irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní kété tí iná bá ti dé. Bẹ́ẹ̀, òfin tí gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ń pa mọ́ ni pé a kì í fi LiPo sílẹ̀ lórí iná láìsí ẹni tó ń wò ó.

Ìwé ara ògiri kò yí ìyẹn padà. Ẹni tó ń ṣàájì lórí tábìlì tẹ́lẹ̀, níbi tí ojú gbogbo yàrá ti ń tó o, ti gbé e wọ àárín àpótí aṣọ báyìí kí pọ́tà má baà rí i. Ṣé ààbò nìyẹn? Wọ́n mú ewu kúrò lójú, wọn ò mú un kúrò nílé.

Ásíìdì wà ní ẹ̀ka kẹ́mísírì, ó sì ń jó èèyàn lára. Wọn ò tìtorí ẹ̀ fòfin de kẹ́mísírì. Wọ́n kọ́ yàrá fún un, wọ́n ní ká wọ kóòtù, wọ́n sì fi ẹni tó ń bójú tó o síbẹ̀. Ohun tí àwa náà ń béèrè nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàrá kan tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, tí atẹ́gùn ń wọ̀, tí kò sí kọ́tìnì tàbí fóòmù níbẹ̀. Ṣájà gidi méjì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì gbogbo kún dọ́gba. Ìkòkò amọ̀ mélòó kan láti ọjà, kí bátìrì máa jókòó sínú rẹ̀ tó bá ń gbaná, kí a má sì dé e pinpin. Garawa iyanrìn gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ìwé orúkọ, kí ẹni tó gbé bátìrì wá jókòó tì í títí yóò fi kún.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá gbọ́dọ̀ gba òfin yàrá. Àwọn kan wà láàárín wa tó ń dán ẹ́ńjìnnì wò lórí tábìlì pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí fídíò. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ 1000KV sí lára, tó wà lórí bátìrì fólítì 11.1, lè yí tó ìgbà 11,100 ní ìṣẹ́jú kan kí a tó fi abẹ̀bẹ̀ sí i. Bí abẹ̀bẹ̀ bá kan ìka, ẹ́ńjìnnì oníná kì í tìtorí ẹ̀ kú. Ṣe ló máa fa iná sí i kó lè máa yí lọ. "Ọlọ́run á ṣọ́ wa" kì í ṣe ìdáhùn. Ọlọ́run náà ló fún wa ní sípánà tí a lè fi tú abẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà: ká tú abẹ̀bẹ̀ ká tó dán ohunkóhun wò nínú ilé. Ká tan rìmóòtù ká tó so bátìrì. Ká yọ bátìrì ká tó pa rìmóòtù. Ká ṣètò rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì kú fúnra rẹ̀ bí bàlúù ò bá gbọ́ rìmóòtù mọ́. Kò sí fífò lórí èèyàn, kò sí fífò nítòsí wáyà iná tàbí pápákọ̀ òfurufú.

Ọ̀rọ̀ ìjọba náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2016, àjọ NCAA kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé dúróònù sókè ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ òun àti lọ́dọ̀ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ta ni nínú wa tó lè dá gbé lẹ́tà lọ síbẹ̀ kí wọ́n dá a lóhùn? Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló lè kọ ọ́. Bí ẹ̀ka bá fọwọ́ lẹ́rán, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ pa òfin mọ́ kò ní ọ̀nà, èyí tí kò bìkítà á sì máa fò lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́dọọdún lẹ ń kí wa kú oríire lórí iṣẹ́ àṣekágbá wa. A dúpẹ́. Lọ́dún yìí, ẹ bá wa ra ṣájà kan, tàbí kẹ́ ẹ bá wa fọwọ́ sí lẹ́tà tí à ń kọ sí olórí ẹ̀ka. Lẹ́tà náà kò ní kí wọ́n fi wá sílẹ̀ ká máa ṣe bó ṣe wù wá. Ó ní kí wọ́n yọ bátìrì kúrò nínú yàrá tí èèyàn ń sùn sí. Ìwé ìfòfindè kò lè ṣe ìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ yàrá kan ló lè ṣe é.