Kẹ́mísírì Kò Jìnnà sí Ìdí Ààrò

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, nínú ìdánwò kẹ́mísírì WAEC, apá kan wà tí àkọ́sórí nìkan kò lè gba ọmọ là níbẹ̀: ìdánwò ìfọwọ́ṣe. Ojú ni ọmọ yóò fi rí àwọ̀ tó yí padà, ọwọ́ ni yóò fi wọn omi.

Ẹ fi èyí dán an wò nílé. Ẹ rẹ ìṣápá pupa sínú omi gbígbóná, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ kán omi eérú sí díẹ̀ nínú rẹ̀ títí yóò fi di àwọ̀ ewé. Álíkálì ni omi eérú. Lójú ẹsẹ̀, kí ọmọ máa kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ó máa ka ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, títí àwọ̀ pupa yóò fi padà. Ásíìdì ọsàn ti borí álíkálì nìyẹn. Ẹ bi í pé, "Kí lo rí? Kí ló fà á?" Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Omi eérú a máa bó ara. Kí ó má kan ojú, kí ẹ sì da gbogbo rẹ̀ nù.

Ẹ pe ọmọbìnrin yín náà sí i. Ẹni tí a bá lé kúrò nídìí kẹ́mísírì, a ti ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ dókítà àti ti nọ́ọ̀sì mọ́ ọn.