Fóònù Kò Gbọdọ̀ Dé Ìdí Ọpọ́n Ṣẹ́ẹ̀sì

Àwọn kan gbà pé bí òǹtayò ṣẹ́ẹ̀sì nínú ẹgbẹ́ àdúgbò bá yọ́ fóònù wò nílé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà kò tó ariwo. Wọ́n ní kò sówó ńlá níbẹ̀, ife ẹ̀yẹ onípáànù lásán ni. Irọ́ gbáà ni. Níbi tí owó kò sí gan-an ni ìwà náà ti burú jù, nítorí ohun kan ṣoṣo tí alátakò rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó fún ni láti mọ ibi tí ọgbọ́n òun dé. Ẹni tó gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹ̀rọ ti jí ìyẹn lọ, kò sì sí ohun tó lè fi san án padà.

Ẹ̀rọ gàgàrà ni Deep Blue tó borí Garry Kasparov lọ́dún 1997. Lónìí, Stockfish, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ń ti inú àpò ṣòkòtò borí ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí òǹtayò kékeré bá yẹ̀ ẹ́ wò, níbi tí nǹkan ti dojú rú tí aago sì ń sáré, ti tó láti yí gbogbo eré padà.

Àwọn mìíràn a máa fi ayò ọlọ́pọ́n gbèjà rẹ̀. Wọ́n ní òǹwòran ayò a máa tọ́ka, a máa dámọ̀ràn, a tún máa fi ẹni tó ń ta á ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ojú àwọn méjèèjì ni òǹwòran ayò ti ń sọ tirẹ̀. Ta ló gbọ́ ohun tí fóònù sọ nílé ìgbọ̀nsẹ̀?

Òfin FIDE, àjọ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, ṣe kedere: àmọ̀ràn láti ibòmíràn jẹ́ èèwọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ká fóònù mọ́ lára nínú gbọ̀ngàn ìdíje pàdánù eré náà, àyàfi bí ìlànà ìdíje bá la ìyà tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kalẹ̀. Ẹni ọdún 58 ni Igors Rausis, tó ti gba oyè Grandmaster tipẹ́, nígbà tí àṣírí rẹ̀ tú ní Strasbourg lóṣù Keje ọdún 2019. Fóònù náà ni, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ni. FIDE gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fòfin dè é fún ọdún mẹ́fà.

Àwọn adájọ́ ìdíje ẹgbẹ́ ni ìbáwí tọ́ sí jù. Wọ́n mọ òfin, ṣùgbọ́n ojú ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n fi ìfura sílẹ̀ kó máa jẹrà, títí ẹni tó ta dáadáa lọ́jọ́ kan ṣoṣo yóò fi di olè lẹ́nu ẹgbẹ́ láìjẹ̀bi. Apẹ̀rẹ̀ kan lórí tábìlì adájọ́, kí wọ́n pa gbogbo fóònù kí wọ́n sì kó o síbẹ̀ kí aago tó bẹ̀rẹ̀: kò ná ẹgbẹ́ kankan ju owó apẹ̀rẹ̀ lọ. Adájọ́ tí kò bá lè ṣe èyí, kó fi ipò náà sílẹ̀ fún ẹni tó lè ṣe é.