Ọmọ Tí Ń Ka Ìwé Láìwo Ojú Ìwé

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń bá wa pàdé ní ojú-ìwé yìí, ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ ṣe ní alẹ́ òní. Ẹ mú ìwé kíkà ọmọ yín tí ó wà ní kíláàsì kejì, kí ẹ ní kí ó kà á sí yín létí. Bí ó bá kà á geere, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán, ẹ na ìka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé, kí ẹ sì bi í pé, Kí ni èyí? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sáré padà sí òkè láti tún un bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí akọrin tí ó gbàgbé ìlà kan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ ìwé kà. Ńṣe ni ó há a sórí.

A ti rí èyí púpọ̀ ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹgbẹ́dá dé Ìkòtún títí dé Ìgàndò. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe òpè, nítorí orí tí ó gba odidi ìwé dúró kì í ṣe orí lásán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé kíláàsì kẹrin, ìwé á gùn ju ohun tí a lè há lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ tí ń gba ipò kìíní yóò ti máa bọ́ sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Àjọ UNICEF sọ ní ọdún 2022 pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 7 sí 14, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kan tí ó rọrùn tàbí ṣe ìṣirò tí kò le.

Ní èrò tiwa, ohun tí ó fà á jù ni pé a ń kọ́ ọmọ láti ka èdè tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́ dáadáa. Kíkàwé ni kí ojú rí léta, kí ẹnu pè é, kí etí sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá so b mọ́ a, tí ó tún un ṣe, tí ó sì gbọ́ "bàbá" láti ẹnu ara rẹ̀, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ yóò ti là. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a kò sọ rí nínú ilé ni ó pè, kò sí ohun tí yóò dá a lóhùn nínú ọkàn rẹ̀. Léta 25 péré ni A B D wa ní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìró kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Síbẹ̀ a ń gbọ́ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá, àwọn òbí sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn!

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gbé ọmọ dé ipò. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ìyókù yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn tí kò kúrò nínú Yorùbá ni ó tayọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ìlànà yìí ní ọdún 2022. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n kò sí mínísítà tí ń jókòó ní yàrá yín lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹ gbé ọmọ sí ẹsẹ̀, kí ẹ máa kà, kí ìka yín sì máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ní kí ẹ tún ìtàn ìjàpá ti àná kà, ẹ tún un kà, bí ó tilẹ̀ di ìgbà kẹwàá. Ẹ̀yin ni ó sú, kò sú òun. Kí pàṣán má ṣe sí nítòsí.

Ọ̀nà kan wà tí a fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sì ná yín ju bébà kan lọ. Ẹ bi ọmọ pé kí ni ó ṣe lónìí. Bí ó bá ní, "Ìyá Ṣadé fún mi ní àkàrà," ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ti wí, ní léta ńláńlá, pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó kà á. Kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gé bébà náà sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ dà á rú, kí ó tò ó padà. Níbi tí ó ti ń wá "àkàrà" láàrin wọn, híhá sórí kò lè gbà á mọ́. Ó di dandan kí ó wo léta.

Ìyá tí kò mọ ìwé kà ńkọ́? Kí ó pa àlọ́, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kàwé fún àbúrò. Ní ti àwọn bàbá tí ń kúrò ní Ìgàndò kí ilẹ̀ tó mọ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í jẹ́ kí wọ́n padà kí ọmọ tó sùn, kí wọ́n fi ọ̀sán Sátidé ṣe é, tàbí kí wọ́n lo ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀: pátákó àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dáńfó pọ̀ láti kà. (Àwọn akọ̀wé pátákó wa kì í fi àmì sí nǹkan, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ a sì di ọ̀kan náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ bá wọn fi í sí i, eré ni fún un.)

Aláwìíyé tí olóògbé J. F. Ọdúnjọ kọ ṣì dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì fi í mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n bí ti àtijọ́ bá wà nínú àpótí, ẹ wò ó dáadáa, ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú àkọtọ́ ọdún 1974 lè máa kọ "aiye" àti "enia" níbi tí olùkọ́ ọmọ ń kọ "ayé" àti "ènìyàn."

Ibi tí a ó fi ìwé sí ni ó kù. Ní ilé púpọ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni ó ń wà pẹ̀lú àwo àlejò, kí ọmọ má baà fà á ya. Ẹ gbé e sísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò tó o. Yóò ya, dájúdájú. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ àti bébà funfun yóò tún un ṣe. Kí ọmọ náà jókòó tì yín, kí ó sì di etí ojú-ìwé mú nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́.