Sísùn Nínú Igbó Tí Í Ṣe Ti Gbogbo Ènìyàn

Bí a bá sọ fún àgbàlagbà kan ní ọjà wa pé ẹnì kan tí ó ní ilé, tí ó ní ibùsùn, tí ó sì ní iná mànàmáná, fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì lọ sùn sórí ilẹ̀ nínú igbó, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, Ṣé ọdẹ ni? Bí a bá dá a lóhùn pé kì í ṣe ọdẹ, kì í ṣe oníṣègùn tí ń wá ewé, kì í sì í ṣe ẹni tí ń sá fún gbèsè, yóò mi orí. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, òfin sì gbà wọ́n láàyè. Nítorí pé àwọn ọmọ wa pọ̀ ní ilẹ̀ náà, àti nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan bí ènìyàn ti í lo ohun tí kì í ṣe ti òun nìkan, a bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n kí ẹ fi sùúrù bá wa gbé e yẹ̀ wò.

Igbó tí à ń wí yìí, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni ó dì í mú ní orúkọ gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1891 ni àwọn aṣòfin wọn fún Ààrẹ ní àṣẹ láti máa ya igbó sọ́tọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1905, tí Theodore Roosevelt wà lórí oyè, a fi ìtọ́jú rẹ̀ lé ọwọ́ ẹ̀ka ìjọba tí à ń pè ní Forest Service, Gifford Pinchot sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Lónìí, irú igbó bẹ́ẹ̀ jẹ́ 154, ilẹ̀ tí wọ́n sì gbà tó nǹkan bí 190 mílíọ̀nù éékà. Bí a bá pín gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sí ọ̀nà márùn-ún, igbó wọ̀nyí yóò gba ju mẹ́rin lọ nínú rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé ti ń pàgọ́ sí ibẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láìtọrọ ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ náà ti ṣe bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìtàn mìíràn ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì dùn ún gbọ́.

Ẹni tí ó bá mọ igbó ọba nílé níhìn-ín, tí ó mọ̀ pé bí olùṣọ́ igbó bá bá ènìyàn níbẹ̀ ní òru, àlàyé yóò pọ̀, lè má tètè gbà wá gbọ́. Ọ̀nà méjì ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń sùn nínú tiwọn. Èkínní ni ibùdó tí ìjọba ti tún ṣe, tí ó ní tábìlì, ibi ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́, tí a sì máa ń san owó òru kọ̀ọ̀kan fún lọ́pọ̀ ìgbà. Èkejì ni èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Níbẹ̀ kò sí omi ẹ̀rọ, kò sí ṣáláńgá, kò sí agbálẹ̀, kò sì sí owó sísan. Ènìyàn yóò gba ọ̀nà eruku wọlé, yóò wá ojú ilẹ̀ tí ó tẹ́jú jìnnà sí ẹlòmíràn, yóò sì pa àgọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ igbó náà, ọjọ́ 14 ni òfin gbà fún un, lẹ́yìn èyí kí ó dìde. A ń sọ fún un pé kí ó fi nǹkan bí 200 ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí odò. Kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ kọjá ọ̀nà tí ó wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí igbó kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ìlànà ọdún 2005, apá ibi tí a sì yà sọ́tọ̀ pátápátá lábẹ́ òfin ọdún 1964, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Igbó kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tí ó mọ ti ọ̀kan kò tíì mọ ti èkejì.

Àwa fẹ́ràn àṣà yìí, a kò sì fi í pamọ́. Olówó àti tálákà ń san iye kan náà, èyíinì ni òfo. Bàbá tí kò lè san owó hòtẹ́ẹ̀lì fún òun àti ọmọ mẹ́rin lè fi ìràwọ̀ ojú ọ̀run hàn wọ́n láìjẹ gbèsè. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́ ní ayé yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní olùṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ àwọn tí ń wọ inú rẹ̀ ni ìwàláàyè rẹ̀ wà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti ń di wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí tí ojú ń tì ènìyàn láti sọ. Níbi tí kò sí ilé ìyàgbẹ́, ohun tí òfin ń fẹ́ ni kí a gbẹ́ ihò tí ó jìn tó íǹṣì 6 sí 8, kí ó jìnnà sí omi, sí ọ̀nà àti sí àgọ́ tó 200 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí ó tó nǹkan bí àádọ́rin ìṣísẹ̀ àgbàlagbà. Kí a bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí a sì di bébà tí a lò sínú àpò, kí a gbé e lọ sílé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àwọn tí ó bá ń ka Ìwé Deuteronomi yóò rántí pé a ti pàṣẹ irú rẹ̀ gan-an fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nígbà tí wọ́n ń gbé inú àgọ́, pé kí olúkúlùkù ní ohun ìwalẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sì nìyí, síbẹ̀ àwọn kan ń fi ọkọ̀ tí owó rẹ̀ tó kọ́ ilé wọ igbó, tí wọn kò mú ṣọ́bìrì kékeré kan dání! Àbájáde rẹ̀ ni bébà funfun lẹ́yìn gbogbo igi, àti kòkòrò bíi Giardia nínú odò, tí ń fún ẹni tí ó bá mu omi náà ní ìgbẹ́ gbuuru fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní ẹni tí ó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé.

Pàǹtírí náà kò yàtọ̀. Agolo tí a jù sínú iná kì í jó, ìgò a sì fọ́ síbẹ̀. Oúnjẹ tí a fi sílẹ̀ burú jù, nítorí béárì tí ó bá ti tọ́ oúnjẹ ènìyàn wò kò ní bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Yóò máa padà wá, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé a óò yìnbọn pa á, ẹni tí ó sọ ọ́ di ọlẹ ti wà nílé rẹ̀ tí ó ń sùn. Ó tún kù ọ̀rọ̀ igi ìdáná, èyí tí àwọn oníṣòwò wa yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tí ó ti Éṣíà wá, tí a kọ́kọ́ rí ní agbègbè Detroit ní ọdún 2002, ti pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù igi ash. Kì í fò jìnnà fúnra rẹ̀. Inú igi ìdáná tí àwọn ènìyàn ń kó láti ìlú dé ìlú ni ó ti ń wọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ibi tí ènìyàn yóò ti dáná ni kí ó ti ra igi.

Iná ni a kò lè fi ẹnu kékeré sọ. Láti ọdún 1944 ni wọ́n ti ń fi àwòrán béárì kan tí ó dé fìlà kìlọ̀ fún tọmọdé tàgbà, síbẹ̀ ó ju ìdá mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá iná igbó tí ó jẹ́ pé ènìyàn ni ó ń dá a sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, iná bẹ̀rẹ̀ nínú igbó Stanislaus ní California. Ìjọba ní iná ìdáná tí ọdẹ kan dá láìtọ́ ni ó sá mọ́ ọn lọ́wọ́. A pe ẹnì kan lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n a fagi lé ẹjọ́ náà ní ọdún 2015. Kí iná náà tó kú, ó ti jó éékà tí ó lé ní 257,000, ó sì wọ inú Yosemite. Ti ọdún 2002 ní Colorado burú ní ọ̀nà mìíràn. Ọ̀dá mú igbó Pike, a sì ti ka iná dídá léèwọ̀ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ Forest Service kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ àwọn tí ó bá rú òfin yìí, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣáná. Éékà tí ó lé ní 137,000 jóná pẹ̀lú ilé tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ó jẹ́wọ́, ó sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Bí olùṣọ́ bá lè ṣe èyí, kí ni a óò wí nípa àlejò ọjọ́ méjì?

Pípa iná ìdáná kò le. Kí a da omi sí i, kí a rò ó pọ̀ pẹ̀lú eérú, kí a tún da omi, kí a wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó. Bí ó bá ṣì gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè fara dà, kò tíì yá láti lọ. Erùpẹ̀ tí àwọn kan ń bù lé e lórí kò pa á; ẹyín iná lè wà láàyè lábẹ́ rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì jí i ní ọjọ́ kejì.

Àwọn kan ní ojútùú rẹ̀ ni kí a ti gbogbo ọ̀nà náà pa. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń gbẹ́ ihò tí ó sì ń pa iná ni ìlẹ̀kùn títì yóò kọ́kọ́ lé lọ, nítorí òun ni ó ń bọ̀wọ̀ fún òfin. Jàǹdùkú yóò gba ẹ̀yìn wọlé. Òṣìṣẹ́ ni igbó náà ń fẹ́, ènìyàn tí yóò rìn dé ìdí àgọ́, tí yóò kí oníbùdó kú ìrọ̀lẹ́, tí yóò sì béèrè omi tí ó fẹ́ fi pa iná. Dípò èyí, ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba dá nǹkan bí 2,000 nínú àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ẹ̀ka yìí dúró. A pe ọ̀pọ̀ wọn padà lẹ́yìn náà; ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nídìí tábìlì ọ́fíìsì rí mọ ohun tí lé-mi-kí-o-tún-pè-mí ń ṣe fún iṣẹ́.

Apá kan kù tí ó wúwo jù lọ. Nínú àwọn tí ń sùn nínú igbó náà, gbogbo wọn kọ́ ni ó ń ṣe fàájì. Àwọn kan kò ní ilé mìíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ọ̀ràn ìlú Grants Pass ní Oregon pé ìlú lè fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá sùn ní ìta gbangba, bí kò tilẹ̀ sí ibùsùn fún un níbòmíràn. Bí a bá lé ènìyàn kúrò ní ìgboro, níbo ni yóò gbà bí kò ṣe igbó? Ní ìpínlẹ̀ Oregon yìí kan náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Forest Service ti apá kan igbó Deschutes pa lẹ́bàá ìlú Bend, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé nínú àgọ́ àti nínú ọkọ̀ ògbólógbòó. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé wọ́n fẹ́ gé igi kéékèèké kí ewu iná lè dínkù. Iṣẹ́ náà tọ́. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nípa Colorado kò lè bú u. Ṣùgbọ́n òfin ọjọ́ 14, a ṣe é fún ẹni tí yóò padà sílé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí a bá fi í lé ẹni tí kò ní ilé, láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì ni a lé e dé. Kí ìjọba tó kan pátákó ìkìlọ̀ mọ́ igi, ó yẹ kí ó ti bá àwọn aláṣẹ ìlú fi ẹnu kò sí ilẹ̀ kan tí ó ní omi àti ilé ìyàgbẹ́, ibi tí a óò darí irú àwọn wọ̀nyí sí. Kì í ṣe iṣẹ́ olùṣọ́ igbó nìkan, a kò sì yẹ kí a dá a dá a.

Ní ti àwọn ọmọ wa tí ó pọ̀ ní Houston, igbó irú èyí kò jìnnà sí wọn: igbó Sam Houston wà ní apá àríwá ìlú náà, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní New Waverly. Kí wọ́n tẹ ọ́fíìsì náà láago kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n béèrè bóyá a ti ka iná léèwọ̀, àti bóyá àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín ti wọlé, nítorí ní àkókò náà kì í ṣe ibi gbogbo ni a ti lè pàgọ́. Ẹni tí ó bá sì máa rìn nínú igbó nígbà náà, kí ó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí ń tàn yanran, kí ọdẹ má baà fi í pe ẹran.