Adìẹ tó ń fara da ooru là ń lé kúrò lágboolé

Bí agbẹ̀ bá fẹ́ yan àkùkọ tí yóò máa gun àwọn abo rẹ̀, ẹwà ìyẹ́ ló sábà máa ń wò. Èyí tí ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò, tàbí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn bí ẹni tí ìjì bá jà, kì í pẹ́ di ẹni yẹ̀yẹ́. Wọ́n a tètè tà á, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń wá ohun ẹbọ. Abájọ tí irú àwọn adìẹ méjèèjì yìí fi kéré níye láàárín adìẹ ìbílẹ̀ wa.

Ẹni tó bá mọ bí ooru ṣe ń pa adìẹ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Adìẹ kì í làágùn. Bí ooru bá mú un, àfi kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ooru díẹ̀ sì gba awọ rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ jáde. Ìyẹ́ ní tirẹ̀ dà bí aṣọ òtútù tí kò ṣeé bọ́. Bí adìẹ bá jogún àbùdá ọrùn híhó lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ìyẹ́ ara rẹ̀ a fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Bí baba àti ìyá bá fún un, ó lè tó ìdá 40. Nínú ooru, irú adìẹ bẹ́ẹ̀ a máa jẹun, a sì máa dàgbà ju èyí tí ìyẹ́ bò lọ.

Ti oníyẹ̀ẹ́ kíká gba ọgbọ́n. Bí a bá fi àkùkọ rẹ̀ gun abo tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, ìdajì àwọn ọmọ ni yóò jọ baba. Ṣùgbọ́n bí akọ àti abo bá jẹ́ oníyẹ̀ẹ́ kíká, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni yóò gba àbùdá náà ní ìlọ́po méjì. Ìyẹ́ rẹ̀ a máa ṣẹ́, ara rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò, ọyẹ́ a sì fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń wá ẹwà nìkan ló máa ń kó sínú èyí.

Àwọn olùkọ́ fásitì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta kò fojú tẹ́ńbẹ́lú adìẹ ìbílẹ̀. Ara rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmi Adébámbọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ tó bí FUNAAB Alpha, èyí tí ìjọba àpapọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2018. Bí àwọn adìẹ àgboolé bá tán, níbo ni wọn yóò ti rí èyí tí wọn yóò fi ṣe irú rẹ̀ mìíràn? Àwọn òròmọdìẹ ilé iṣẹ́ ńlá ti ń wọ abúlé báyìí. Wọ́n tóbi, wọ́n sì ń tà, ṣùgbọ́n àkùkọ wọn ń gun abo tiwa lójoojúmọ́.

Kò ná agbẹ̀ lówó púpọ̀ láti dá àkùkọ ọlọ́rùn híhó kan sí. Àkùkọ kan tó abo mẹ́wàá. Bó bá di ọdún kejì, kí ó gbé e fún ará abúlé mìíràn, kí òun náà gba tọ̀hún, kí baba má baà máa gun ọmọ.