Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Ẹ̀rọ Ń Béèrè

Newark, New Jersey

Màámi, ẹ̀yin àbúrò mi, àti gbogbo ẹ̀yin ará wa ní Makoko l'Ékòó, lórí omi àti lórí ilẹ̀,

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ nípa mi nídìí ààrò, pé iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Àbúrò mi ló tú àṣírí yín lórí WhatsApp. Ó ní, “Bọ̀dá mi, gbogbo ìgbà tá a bá pè yín lóru ọ̀hún, ẹ máa ń ní ẹ wà níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ wo lèèyàn ń ṣe lóru bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ọdẹ?” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Irọ́ kọ́ náà ni. Mò ń ṣọ́ nǹkan lóru lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe géètì. Ẹ̀rọ ni mò ń ṣọ́.

Mainframe ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe láptọ́ọ̀pù tí èèyàn ń gbé lé itan. Òun ni àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá, ilé-iṣẹ́ íńṣọ́ránsì àti ìjọba fi ń ṣírò owó àìmọye èèyàn. Ní ọ̀sán, ó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó kó iṣẹ́ tó kù jọ, owó oṣù ni o, èlé orí gbèsè ni o, a ó tò wọ́n tẹ̀ léra, ẹ̀rọ á sì máa ṣe wọ́n lọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Batch ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Màámi, nídìí ẹja yíyan tí ẹ ń ṣe, ẹ ti ń ṣe batch kí ẹ tó bí mi. Ta ló ń dáná èéfín nítorí ṣáwá kan ṣoṣo?

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè dá mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Ìwé àṣẹ la máa ń kọ fún un, èdè tá a sì fi ń kọ ọ́ ni Job Control Language, tí gbogbo wa ń pè ní JCL. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi méjì tó dagun, báyìí: //. Oríṣi ìlà mẹ́ta ló ṣe kókó. JOB ń sọ ẹni tó ni iṣẹ́. EXEC ń sọ ètò tí ẹ̀rọ yóò gbé dìde. DD ń sọ ibi tí ẹrù wà àti ibi tá a ó kó o sí. Bí àlàfo kan ṣoṣo bá ṣèèṣì bọ́ sáàárín àṣẹ, ẹ̀rọ á gbà pé o ti parí ọ̀rọ̀ rẹ. Ìyókù kò já mọ́ nǹkan létí rẹ̀.

Àgbà ni èdè yìí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni IBM kéde ẹ̀rọ System/360, JCL sì bá OS/360 tí wọ́n ṣe fún un wáyé. Orí páálí oníhò ni wọ́n ń lu àṣẹ sí nígbà náà, páálí kan sì gba àmì 80. Páálí ti di ohun àtijọ́, àmọ́ ìlà wa kò tíì ju 80 lọ títí dòní. Fred Brooks tó jẹ́ ọ̀gá lórí iṣẹ́ OS/360 fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé nínú gbogbo èdè kọ̀ǹpútà tí ẹ̀dá ṣe, kò sí èyí tó burú tó o. Síbẹ̀, òun ló ń bọ́ mi.

Ẹ ó béèrè bí ọmọ Makoko ṣe débẹ̀. Ilé ìkẹ́rù ni mo wà, mò ń di páálí, nígbà tí Kòrónà dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn rẹpẹtẹ, ẹ̀rọ àtijọ́ tí ìpínlẹ̀ yìí fi ń san owó ìrànwọ́ kò sì gbé e mọ́. Phil Murphy tó jẹ́ gómìnà nígbà náà jáde sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń wá àwọn tó gbọ́ COBOL, èdè kan tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1960, tí wọ́n fi ń kọ ètò tí JCL ń gbé dìde. Mo sọ fún ara mi pé ibi tí àwọn àgbà ń fi sílẹ̀ tí àwọn ọmọdé ò fẹ́ wọ̀, àyè máa wà níbẹ̀. Mo gba Hercules lọ́fẹ̀ẹ́, ètò tí Roger Bowler bẹ̀rẹ̀ ní 1999, tó máa ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù ṣe bíi mainframe. Ọ̀sán ni mo ń di páálí, òru ni mo ń kọ́ JCL. Ó gbà mí ní ọdún méjì kí ilé-iṣẹ́ kan tó gbà mí.

Oṣù kẹta tí mo débẹ̀ ni mo ṣe aburú. Mo kọ àṣẹ fún iṣẹ́ kan tó ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Ó parí láìsí wàhálà. Òdo ni ẹ̀rọ kọ síwájú ìpele kọ̀ọ̀kan, òdo sì ni àmì àlàáfíà lọ́dọ̀ wa. Mo lọ sílé, mo sùn dáadáa. Ní òwúrọ̀, iṣẹ́ tó kàn wá fáìlì tó yẹ kí iṣẹ́ tèmi fi sílẹ̀, kò rí i. Níbi tó yẹ kí n sọ bí fáìlì náà yóò ṣe rí, NEW nìkan ni mo kọ, ìyẹn “tuntun”. N kò sọ pé kó pa á mọ́. Bí o bá pe nǹkan ní tuntun tí o kò sì sọ ohun tí wọn yóò fi ṣe, ẹ̀rọ yìí á jù ú nù ní gẹ́rẹ́ tí ìpele iṣẹ́ náà bá parí. Bàbá kan tó fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì kò bá mi wí. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà mi: NEW, CATLG, DELETE.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà. Èkíní ń sọ ipò tí nǹkan wà bí iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Èkejì ń sọ ohun tí a ó fi ṣe bí ó bá yọrí sí rere. Ẹ̀kẹta ń sọ ohun tí a ó fi ṣe bí ó bá dàrú. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni o gbọ́dọ̀ ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí bó bá di aago mẹ́ta òru, kò sí ẹni tí ẹ̀rọ yóò jí béèrè.

Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ́ mi. Kí ọkọ̀ ẹlẹ́ja tó gúnlẹ̀, ẹ ti to àjákù pákó láti ilé ìlagi Òkobaba sídìí ààrò, ẹ ti mọ agbọ̀n tí ẹja máa wọ̀, ẹ ti mọ oníbàárà tó máa gbà á ní ọjà Aṣejèrè. Bí òjò bá pa iná ńkọ́? Iyọ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹni tó ń gbé orí omi kì í fi iná sílẹ̀ kó wá máa tukọ̀ kiri lọ wá iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ní ẹ̀ka méjì tó máa ń mú mi rántí ilé. KEEP túmọ̀ sí pé kí nǹkan wà níbẹ̀. CATLG túmọ̀ sí pé kó wà níbẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé, kí ẹni tó bá pè é lórúkọ lè rí i. Ohun tí ẹ bá kàn KEEP kò sọnù, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ ibi tó wà gan-an kò ní í rí i. KEEP ni Makoko wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo ẹni tó ń gba Third Mainland Bridge ń rí èéfín wa, bẹ́ẹ̀ bí o bá ṣí máàpù, omi lásán lo máa bá lójú ibẹ̀. Ní 2019 ni Code for Africa àti àwọn tó ń ṣe OpenStreetMap fi drọ́ọ̀nù ya ibẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní iṣẹ́ náà, tí ọ̀nà omi àti ilé wa fi wọ máàpù. Ọjọ́ tí mo tẹ orúkọ wa níbí tó sì jáde, mo pariwo.

Ẹ̀kẹta ló máa ń pa èèyàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, báńkì RBS ní ìlú ọba ṣe àyípadà sí ètò tó ń to iṣẹ́ batch wọn. Ó dàrú, wọ́n fẹ́ padà sí ti àtijọ́, wọn kò sì tíì dán ìpadàsẹ́yìn náà wò rí. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ oníbàárà tó fara gbá a, owó ìtanràn tí wọ́n san ní 2014 sì tó mílíọ̀nù 56 pọ́n-ùn. Oṣù keje ọdún 2012 yẹn kan náà ni tiwa ní Makoko, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún èèyàn ní wákàtí 72 kí ilé tó máa wó. Ẹ rántí. Ta ló dáhùn ẹ̀kẹta fún àwọn tó sun inú ọkọ̀? Ẹ sì rántí ilé-ìwé orí omi tí Kúnlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀. Òjò wó o ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ kó tó wó, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa. Ẹni tó kó wọn kúrò ti dáhùn ẹ̀kẹta.

Ìwọ àbúrò mi ló kàn báyìí. Mo gbọ́ pé o fẹ́ ta ẹ́ńjìnì ọkọ̀, kí o kó owó rẹ̀ fún ẹnì kan tó ní òun á gbé ọ dé ọ̀dọ̀ mi. N kò ní kó o má wá. Èmi náà wá. Àmọ́ nínú JCL, a lè kọ TYPRUN=SCAN sí ìlà JOB. Ẹ̀rọ á ka gbogbo àṣẹ náà láti òkè dé ilẹ̀, á fi àṣìṣe hàn ọ́, kò sì ní ṣe iṣẹ́ kankan. Ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìrìn àjò yìí. Èkíní, o ti mọ̀ ọ́n: tuntun lo máa jẹ́ níbí. Èkejì, bó bá dára, ta ni yóò mọ̀ ọ́, ìwé wo lorúkọ rẹ máa wà? Ẹ̀kẹta, bí ọkùnrin náà bá gba owó tó sì sá, tí ẹ́ńjìnì kò sí mọ́, kí ni Màámi yóò fi gbé ẹja?

Bí o bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tèmi, o kò nílò físà. IBM ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Z Xplore ni orúkọ rẹ̀, orí mainframe gidi lo sì ti máa ṣe é. Láti iwájú ilé wa lo ti ń wo UNILAG lódìkejì omi. Wá ọmọ ibẹ̀ kan kẹ́ ẹ jọ máa kọ́ ọ. Ètò tó o máa kọ́kọ́ lò ni IEFBR14. Kì í ṣe nǹkan kan. Ó kàn máa ń dé, á sì padà. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní àléébù: ó padà láìsọ pé àlàáfíà lòun padà. Èmi náà jẹ̀bi irú ẹ̀, Màámi. Ẹ fojú fo ọjọ́ tí mo bá pè tí n kò sọ bí mo ṣe wà.

Àbúrò mi, jókòó ti Màámi ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ẹ jọ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Bí ẹ̀kẹta bá ti yé yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ìgbàkigbà tó wù kó jẹ́. Ọlọ́dẹ kì í sùn.

Ọmọ yín ní Newark